Ẹ Má Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Gba Gbogbo Ayé Yín

Ẹ̀yin lọ́yà tuntun ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti ka orúkọ Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá nínú ìwé ẹjọ́. Ẹ mọ̀ pé ó ṣe májísírétì lábẹ́ ìjọba òyìnbó, pé 1949 ló di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga, ọdún náà gan-an tí bàbá rẹ̀, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fi ìtẹ́ sílẹ̀ torí ìbínú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lórí owó orí. Ní 1958, ó di adájọ́ àgbà fún gbogbo Nàìjíríà. Èyí tí wọn kì í kọ́ yín ni pé ní 1963, orí àga yẹn ló ṣì wà tó fi di aláwọ̀ dúdú Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé. Kò dúró dìgbà tó máa fẹ̀yìn tì. Ní oṣù kìíní 1965, tí Ààrẹ Azikiwe àti Balewa, olórí ìjọba, ń fa ọ̀rọ̀ ìdìbò mọ́ra wọn lọ́wọ́, òun àti adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Sir Louis Mbanefo, ló bá wọn wá ojútùú. Ta ló máa ní eré ìdárayá dí i lọ́wọ́?

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo máa ń fi báàtì tẹ́níìsì orí tábìlì sábẹ́ wíìgì nínú báàgì mi. Ọ̀gá mi rí i lọ́jọ́ kan. Ó yọ ọ́, ó gbé e lé orí fáìlì tí mo fi òru ṣe, ó ní, "Lọ́yà, èwo nínú méjèèjì lo wá ṣe níbí?" Kò tilẹ̀ ṣí fáìlì náà wò. Lọ́dọ̀ rẹ̀, à ń ṣiṣẹ́ Sátidé, à ń ṣe ti Sọ́ńdè, owó ọkọ̀ nìkan là ń gbà. Ẹnìkejì mi dákú ní kóòtù níbi tó ti ń tọrọ béèlì fún oníbàárà. Wọn ò tíì gbé e jáde tán tí ọ̀gá fi ní kí n dìde, kí n máa bá ẹjọ́ lọ. Inú ṣì ń bí mi di òní. Mo kó ẹrù mi kúrò níbẹ̀, mo mú báàtì mi dání, mo sì ń jàre ẹjọ́ níbi tí mo lọ.

Ìwọ ọmọbìnrin orí ìlà kejì yẹn, mo wò ọ́ lọ́dún tó kọjá tí o sáré fún iléèwé yìí. Wọ́n ní o ti pa eré tì torí ìdánwò. Ìdánwò ti parí. Bí ọ̀gá kan bá ní kí o yan ọ̀kan, bi í pé èwo ni Adémọ́lá yàn. Bó bá lé ọ, máa bọ̀ ní ọ́fíìsì mi. Àyè wà, a kì í sì í ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé.