Mọ́tò Àná, Mọ́tò Òní: Ta Ni Ó Mọ Inú Wọn?

Ẹ ní kí n sọ èyí tí ó sàn jù nínú mọ́tò àtijọ́ àti ti òde òní.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí oṣù Kẹta ọdún 1975. Oṣù náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, tí Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Ìlọrin wà lójú ọ̀nà tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀, nítorí náà Peugeot 504 àti ọkọ̀ ìjàpá kò ṣàjèèjì ní títì wa. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára, kò ní rádíétọ̀ tí omi yóò gbẹ nínú rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú 504, kábúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún un. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè tú u sílẹ̀, kí ó fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, kí ó tò ó padà, kí ó sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Bí táǹkì bá ń jò lọ́nà Jẹ́bà, ọṣẹ ni awakọ̀ fi ń dí i. Bí bátìrì bá kú, èrò a bọ́ sílẹ̀, wọn a tì í. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀wé a tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́, a ní, “Plọ́ọ̀gì kan ni kò jó.” Ohun tí ọ̀gá mọ̀, ojú ọmọ iṣẹ́ ni ó ṣe ń ṣe é.

Nínú mọ́tò òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box ni ó ń pàṣẹ. Sẹ́ńsọ̀ kan ń wọn afẹ́fẹ́ tí ó wọlé, òmíràn ń wo ooru ẹ́ńjìnnì, òmíràn ń yẹ èéfín wò. Ìròyìn wọn ni kọ̀ǹpútà fi ń pinnu ìwọ̀n epo tí yóò tú sílẹ̀. N kò ní bú u. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ta ni kò mọ iyì mọ́tò tí kì í fi epo ṣòfò? Bí ìjàǹbá bá sì máa ṣẹlẹ̀, tí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, mọ́tò tí ó ní bàágì afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kí ọmọ mi wà nínú rẹ̀, kì í ṣe 504.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Iná check engine tàn nínú tòkúnbọ̀ mi. Mẹkáníìkì kìíní pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Ìkejì pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Ìkẹta ní brain box ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Owó tí mo ná ti tó owó ilé-ìwé ọmọ kan. Níkẹyìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ki ẹ̀rọ ìyẹ̀wò bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà fún un. Ó fi ọwọ́ tọ wáyà sẹ́ńsọ̀ kan lọ títí ó fi kan ibi tí eku ti gé e jẹ.

Àwọn mẹ́ta ìṣáájú kì í ṣe olè. Wọ́n ń tẹ́tí, bí ọ̀gá wọn ti kọ́ wọn. Wáyà kì í sì í pariwo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Láti ọdún 1996, òfin Amẹ́ríkà ti mú kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ibẹ̀ ní ojú ìyẹ̀wò kan náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ wa ni ó ní in. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, àwọn aráàlú tilẹ̀ dìbò ní ọdún 2012 pé kí àwọn tí ń ṣe mọ́tò má fi ìmọ̀ àtúnṣe pamọ́ fún mẹkáníìkì. Ilẹ̀kùn kò tì pátá. Ní Ìlọrin níbí, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ń ṣírò iná mànàmáná nínú ìwé láì fọwọ́ kan mọ́tò rí. Ọmọ iṣẹ́ ń fọwọ́ kan wáyà láràárọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un bí iná ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, yálà ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Yorùbá.

Olóòtú, ìbéèrè tèmi fún àwọn tí a jọ jókòó nìyí: nínú ẹ̀yin olùkọ́, ta ni yóò kọ́kọ́ kó kíláàsì rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ta ni yóò sì gba ọmọ iṣẹ́ láyè ní yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé?