Bí venv bá kọ̀ lórí Ubuntu: ẹ ka ohun tó kọ kẹ́ ẹ tó fọ́máàtì ẹ̀rọ

(Ọ̀rọ̀ ohùn alẹ́ Àìkú, tí a kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní dátà láti gbọ́ ọ)

Admin yín ni o.

Láti ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ń jáde níbí: “Admin, venv kọ̀.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ Python ni mò ń bá wí. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mò ń tà ní Kano níbí, sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà dé. Ṣùgbọ́n Ubuntu ni mo máa ń fi sórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n sì máa ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ padà wá.

Ọmọbìnrin wa kan ní iṣẹ́ kíláàsì tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Owó àjọ ni ìyá rẹ̀ fi ra ẹ̀rọ yẹn fún un. Venv kọ̀, ẹnì kan ní kó fọ́máàtì gbogbo rẹ̀, ẹlòmíì ní kó fi --break-system-packages tì í wọlé. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta wà lórí ẹ̀rọ náà, kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan. Mo ní kó dúró ná, kó fi ohun tó wà lójú ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí mi.

Kí ni venv gan-an? Ẹ wo ilé tí ayálégbé mẹ́fà ń gbé. Python tó bá Ubuntu wá, kíṣìnnì onílé nìyẹn, Ubuntu fúnra rẹ̀ ń dáná níbẹ̀. Venv ni sítóòfù tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan gbé sí yàrá tirẹ̀. Ẹni tó ń lo Django àtijọ́ kò ní bá ẹni tó ń lo Django tuntun jà. Láti Python 3.3, lọ́dún 2012, ni venv ti ń bá Python wá.

Ibo wá ni wàhálà ti wá? Àwọn tó ń ṣe Debian, níbi tí Ubuntu ti jáde, pín Python sí wẹ́wẹ́. Wọn ò kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni tó ta sítóòfù gáàsì fún yín tó ní kẹ́ ẹ lọ ra rọ́bà rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí i pé “ensurepip is not available”. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń dúró síbẹ̀, ẹ̀rù á bà yín. Ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀, jàre! Ó ti sọ oògùn rẹ̀ fún yín. Ẹ ṣe báyìí:

sudo apt update
sudo apt install python3-venv

Fódà tó kọ́ dé ìdajì ṣì wà nílẹ̀ o. Ẹ tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọlé:

python3 -m venv --clear yara
source yara/bin/activate

Orúkọ tó wù yín lẹ lè fi rọ́pò yara, ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ fódà tí iṣẹ́ yín wà sí i, torí --clear á pa gbogbo ohun tó bá nínú rẹ̀ rẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí (yara) níwájú ìlà yín, ẹ ti wọlé nìyẹn. Ohun tí ọmọ yẹn ṣe lọ́sàn-án òní kò ju èyí lọ. Venv dìde, fáìlì kankan ò sọnù.

Tẹ́ ẹ bá ní Python méjì, ẹ wo èyí tẹ́ ẹ ń pè pẹ̀lú python3 --version. Ubuntu 22.04 ń lo 3.10, 24.04 ń lo 3.12. Ẹni tó fi 3.11 kún un, python3.11-venv ló máa wá.

Àwọn tó kù nìyí:

“Command 'python' not found”: ẹ kọ python3, ó tán.

“externally-managed-environment”: venv kọ́ ló bàjẹ́ o. Pip ló ń sọ fún yín pé inú kíṣìnnì onílé lẹ wà. Láti Debian 12 àti Ubuntu 23.04 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ wọ inú venv yín kẹ́ ẹ tó lo pip. --break-system-packages yẹn, orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì yọ python3 kúrò lórí Ubuntu láé, ọ̀pọ̀ nǹkan ló máa bá a lọ.

“Permission denied”: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sudo lẹ fi ṣe venv tẹ́lẹ̀, fódà náà ti di ti root. Ẹ fi ls -l wo ẹni tó ni ín. A kì í fi sudo ṣe venv.

“Operation not permitted” lórí fíláàṣì: FAT32 àti exFAT kò lè gba irú ìsopọ̀ fáìlì tí venv ń lò. Ẹ ṣe venv nínú fódà home yín, kóòdù lè wà lórí fíláàṣì.

“No space left on device”: ẹ fi df -h wò ó. Dísìkì ti kún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé venv láti fódà kan sí òmíì, kò ṣeé gbé. Àdírẹ́sì ibi tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ wà nínú rẹ̀. Ẹ fi pip freeze > requirements.txt kọ ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́ tuntun níbi tẹ́ ẹ ń lọ.

Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ bèèrè, kó má kọ “ó kọ̀” lásán. Àṣẹ tó tẹ̀ àti gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kọ, kó lẹ̀ ẹ́ síbí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń dáhùn, tẹ́ ò bá tíì kà á, ẹ má sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó fọ́máàtì.

Ó dàárọ̀ o.