Pùròpélà Tó Yẹ Ọkọ̀: Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọ Ẹgbẹ́ Kan Sọ Níbi Ayẹyẹ Ọdún Kẹwàá, Sábó, Ilé-Ifẹ̀

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹgbẹ́ yá mi ní ₦900,000 kún owó ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, àwọn kan sì ń bi ara wọn pé kí ni ọmọ Sábó, tí odò tó mọ̀ kò ju Ọ̀pá lọ, ń wá lójú omi Ìlàjẹ. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Ọ̀nà Oǹdó ni mo gbà, mo gba Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa, mo sì dé Ìgbókọ̀dá. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń kó èrò àti ẹrù lọ sí Ayétòrò àti àwọn ìlú etíkun mìíràn. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ni mo rà, agbára ẹṣin 40, lọ́wọ́ ẹnì kan ní Èkó tó ń fi í gbé èrò mẹ́ta mẹ́rin sáré. Èmi kó èrò mẹ́wàá sí i, mo tún kó gàárì àti sìmẹ́ǹtì lé e. Ní oṣù kẹrin, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ láàárín omi. Ìyá ọlọ́mọ kan wà nínú ọkọ̀, ọmọ náà kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ilẹ̀ ti ṣú kí àwọn apẹja tó fi okùn fà wá dé èbúté. Ẹ̀yin tí wọ́n sọ fún pé mo fi owó ẹgbẹ́ jayé, inú ẹ́ńjìnnì yẹn ni owó náà jó sí.

Mo kọ́kọ́ bínú sí ẹni tó tà á fún mi, ṣùgbọ́n kò ṣẹ̀ mí. Mẹ́káníìkì àgbà kan ní Ìgbókọ̀dá ló là mí lójú. Kò tíì ṣí ẹ́ńjìnnì tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo pùròpélà, abẹ̀bẹ̀ irin ìsàlẹ̀ tó ń ti omi sẹ́yìn. Ó ka nọ́ńbà ara rẹ̀, ó ní, “Ọkọ̀ fífúyẹ́ ló ni èyí, ẹ̀gbọ́n.”

Nọ́ńbà méjì ló wà lára pùròpélà, íǹṣì ni wọ́n fi ń kà á. Ti àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀, ìyẹn bí òbìrí tó ń fà nínú omi ṣe tóbi tó. Ti èkejì ló pa mí. Ẹ wo síkúrúù tí káfíńtà ń yí wọ pákó: bó bá ti yí i lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé díẹ̀. Nọ́ńbà kejì ń sọ iye íǹṣì tí pùròpélà ì bá fi sún síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ká ní omi le bíi pákó. Omi kò le, nítorí náà kì í sún tó bẹ́ẹ̀. Tèmi jẹ́ 13.

Ẹ̀yin awakọ̀ inú wa, jíà ni ẹ pè é. Nọ́ńbà ńlá dà bíi jíà kẹrin, kékeré dà bíi jíà kìíní, ṣùgbọ́n ọkọ̀ omi kò ní ju ọ̀kan tí ẹ bá so mọ́ ọn lọ. Lọ́rì tó kó kòkó kún, tó fẹ́ fi jíà kẹrin gun òkè, kí ni yóò ṣe? Ẹ́ńjìnnì yóò máa kérora, ẹ tẹ iná mọ́lẹ̀, kò ní lè yí. Ohun tí mo fi oṣù mẹ́rin ṣe nìyẹn. Ooru pọ̀ lápọ̀jù, èédú dì sínú ẹ́ńjìnnì, písítìn há.

Ojú kọ́ ni a fi ń yan pùròpélà. Ìwé ẹ́ńjìnnì máa ń sọ iye ìgbà tó yẹ kó yí ní ìṣẹ́jú kan bí a bá fún un níná tán. Tèmi wà láàárín 4,500 sí 5,500. Ẹ di ẹrù bí ẹ ṣe ń dì í lọ́jọ́ ọjà, nítorí irọ́ ni ọkọ̀ òfìfo ń pa. Ẹ wá ibi tí omi ti jìn, tó sì ṣófo, ẹ fún un níná tán, kí ẹ ka mítà. Bí kò bá dé ibi tí ìwé wí, ẹ dín nọ́ńbà kejì kù. Bó bá kọjá rẹ̀, ẹ fi kún un, torí àyíjù náà ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Íǹṣì kan máa ń yí i padà tó nǹkan bí 200. Lẹ́yìn tí a tún ẹ́ńjìnnì ṣe, mo di ẹrù, mo fi 13 dánra wò: 4,300. Mo fi 11 sí i: 4,750. Ọkọ̀ tún tètè gbérí lórí omi, epo tí à ń jó sì dín kù.

Kì í ṣe èmi nìkan ni èyí yà lẹ́nu. Àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Francis Pettit Smith, fi igi ṣe pùròpélà gígùn bíi síkúrúù fún ọkọ̀ kan. Ní 1837 ó ń dán an wò lórí odò tí wọ́n gbẹ́ ní London, ìdajì rẹ̀ sì ṣẹ́ sínú omi. Dípò kí ọkọ̀ dúró, eré ló bẹ́ sí i.

Ní ti irin rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn èyí tó ń dán. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá gbá igi, ara jíà ni ìgbájú náà lè lọ. Alumíníọ̀mù a tẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré. Igi pọ̀ lójú omi wa, ewéko orí omi tó ti ìhà Badagry wọlé ní 1984 náà wà níbẹ̀, ó máa ń wé mọ́ ọn. Alumíníọ̀mù ni mo ń lò, òmíràn sì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà àti pín-ìnì rẹ̀.

Mo gbọ́ pé ìgbìmọ̀ fẹ́ ra ọkọ̀ ní orúkọ ẹgbẹ́, ẹnì kan sì ti dá a lábàá pé ẹ́ńjìnnì 75 ni ká rà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rà á. Ẹ fi owó pùròpélà méjì tí nọ́ńbà wọn yàtọ̀ sínú ìṣirò 40, ká lọ dán an wò ní Ìgbókọ̀dá pẹ̀lú ẹrù. Ọkọ̀ mi wà níbẹ̀, n kò ní gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Mo ti san ₦620,000. Ìyókù, ₦280,000, yóò dé ọwọ́ akápò kí ọdún yìí tó parí. Mo gbé 13 àti 11 wá, wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àlejò. Ẹ gbé wọn, ẹ ka nọ́ńbà ara wọn. Ẹ ṣọ́ra fún etí 13, ó mú.