Ìgò Ẹlẹ́rìndòdò Ọwọ́ Ọmọ Yín

Ọmọ ọdún 12 kan sanra, ẹgbẹ́ rẹ̀ rù kan egungun. Èwo nínú wọn ni kòkòrò ń jẹ eyín rẹ̀? Ó lè jẹ́ àwọn méjèèjì.

Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 35. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, á di ọ̀rá lára. Èyí tó ṣẹ́ kù sẹ́nu, àwọn kòkòrò àìfojúrí á jẹ ẹ́, wọn á sì sọ ọ́ di ásíìdì tó ń jẹ eyín. Kí ọmọ máa tọ́ ẹlẹ́rìndòdò wò díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí wọn yóò fi jáde ilé-ìwé burú ju kó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan lọ, torí itọ́ kò ní ráyè tún eyín ṣe. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12 yìí gan-an sì ni erìgì kejì ń yọ. Kò tíì gbó.

Èyí tó rù ńkọ́? Eyín tó ń ro ó kò jẹ́ kó jẹun, kò jẹ́ kó sùn. Abájọ tí èsì ìwádìí kò fi bára mu: níbì kan, àwọn tó sanra ni eyín wọn ń jẹrà jù, níbòmíràn, àwọn tó rù ni. Lálẹ́ òní, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu ọmọ yín, ẹ wo ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí erìgì kejì ti ń yọ.