Ẹ Má Gbé E Jù Síbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níbí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ rántí ọkùnrin Gádárà inú Máàkù orí 5. Nígbà tí orí rẹ̀ pé tán, ó fẹ́ máa bá Jésù lọ. Jésù ò gbà. Ibo ló ní kó lọ? Ilé ni, sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀!

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Bó bá dé ilé ẹni, ojú á máa ti ni. Ẹlòmíràn á mú àbúrò rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, tàbí kó mú un wá sọ́dọ̀ pásítọ̀, á ní òun ń bọ̀. Ó di gbére nìyẹn! Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Nílé wa níbí, wọ́n ti fi hàn wá pé ẹbí wúlò. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò. Wọn ò ti àwọn aláìsàn náà mọ́lé. Àárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni wọ́n ń gbé. Àmọ́ ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, láti máa se oúnjẹ fún un, kó máa fọ aṣọ rẹ̀, kó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Dókítà ń ṣe tirẹ̀, ẹbí náà ń ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin ará, kí wá ni tiyín? Ẹ bá a lọ rí dókítà. Bí ara rẹ̀ bá yá, ẹ má ní kó pa oògùn tì, àfi bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí oorun sùn mọ́, tó tún ń dá sọ̀rọ̀, ẹ tètè padà sílé ìwòsàn. A ò ní dákẹ́ àdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà ò ní kí ẹ da oògùn nù. Ẹ má fi ẹ̀wọ̀n dè é, ẹ má nà án. Àgbàlagbà ni: ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́, ẹ má máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ìyá nìkan ò lè dá ẹrù yìí gbé o! Kí ẹ̀gbọ́n san owó oògùn, kí àbúrò bá a lọ sílé ìwòsàn, kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa pè é lórí fóònù.

Ta ni ẹ gbé jù síbì kan tí ẹ ò padà lọ wò? Ẹ lọ wò ó lọ́sẹ̀ yìí. Olúwa á fún yín lókun, lórúkọ Jésù. Àmín.