Ṣé Oògùn Inú Ìgò àti Sáfíìsì Dílà Tó Owó Tá À Ń Ná Lé Wọn?

Mo ṣèlérí pé màá sọ ìtàn ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di onígbèsè. Òní ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Tókùnbọ̀ ni, ọkọ̀ Jámánì tó ní turbo. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ayé dùn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí i. Iná check engine tàn. Mo gbé e lọ bá mekáníìkì àdúgbò. Bọ̀dá yẹn ò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Àbúrò, epo yín ló dọ̀tí. Ẹ lọ ra oògùn kan, kẹ́ ẹ dà á sí táǹkì." Mo rà á. Oṣù kejì, mo tún rà á. Ìgò mẹ́jọ ni mo rà lápapọ̀, ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ẹ gbọ́ ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ̀yìn fáàfù ni epo ti ń tú jáde, ó sì máa ń fọ fáàfù bó ṣe ń kọjá. Tí oògùn bá wà nínú epo náà, á bá a fọ̀ ọ́. Àmọ́ direct injection ni ẹ́ńjìnnì tèmi. Inú sìlíńdà gan-an ló ń fọ́n epo sí, epo ò kan ẹ̀yìn fáàfù rárá. Èéfín ọ́ìlì ló ń kọjá níbẹ̀, tó ń dì mọ́ ọn títí tó fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ẹ bá da ogún ìgò sí táǹkì, kò ní débẹ̀.

Mekáníìkì mìíràn, tó jẹ́ pé ọkọ̀ Jámánì nìkan ló ń tún ṣe, ló tú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ó fi ẹ̀rọ fọ́n èèpo walnut lílọ̀ sí àwọn fáàfù náà títí wọ́n fi mọ́. Gbígbọ̀n tán lọ́jọ́ yẹn. Owó ìgò mẹ́jọ yẹn ì bá ti san ìdajì owó iṣẹ́ náà!

Ṣé jìbìtì wá ni gbogbo oògùn epo? Rárá o. Èyí tó ní PEA nínú lè fọ injector tó ti ń dí. Ti octane booster ńkọ́? Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ dáadáa. Point tí wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, mẹ́wàá ló ń di octane ẹyọ kan. Tó bá ní òun á fi point 5 kún un, epo octane 91 á di 91.5 péré. Tí epo yín bá sì ti tó ohun tí ẹ́ńjìnnì yín ń béèrè, àfikún ò ní mú un sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ dílà. Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss ti 1975 ò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ fagi lé warranty kìkì torí pé ẹlòmíì ló ṣe sáfíìsì. Ẹ ṣáà tọ́jú rìsíìtì. Tókùnbọ̀ tiwa sì rèé, warranty ọ̀pọ̀ wọn ti tán kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni bóyá ẹni náà mọ iṣẹ́. Ẹ wo Golf GTI oní gíà DSG mẹ́fà: ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà rẹ̀ ní 60,000 kìlómítà, kí wọ́n sì fi sikánà wo bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó kí wọ́n tó wọn ọ́n. Mekáníìkì tó bá sọ fún yín pé ẹnì kan kì í fọwọ́ kan ọ́ìlì DSG, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí ọkọ̀ yín bá sì ti Amẹ́ríkà wá, ẹ tẹ nọ́ńbà chassis rẹ̀ sí ìkànnì NHTSA lórí fóònù yín. Ẹ ó rí i bóyá recall kan wà tí wọn ò tíì ṣe. Ọ̀fẹ́ ni.

Kẹ́ ẹ tó ra ìgò kẹsàn-án, ẹ sanwó sikánà lẹ́ẹ̀kan. Ó dìgbà kan ná o.