Makaróní àti Ẹran Lílọ̀: Oúnjẹ Alẹ́ Tí Kò Ní Wàhálà

Ilé ìdáná la wà lónìí. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo 8 alẹ́, ta ló fẹ́ gúnyán? Búrẹ́dì ló máa ń sáré bọ́ sí wa lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká yan makaróní àti ẹran lílọ̀. Èèyàn 6 á jẹ ẹ́ yó.

Ẹ wá makaróní páálí 1, ìyẹn giramu 500, àti ẹran màlúù lílọ̀ tó jẹ́ ìdajì kílò. Ẹ wá tòmátò ńlá 4, tàtàṣé 2, ata rodo tó bá yín lára mu, àlùbọ́sà 2, òróró, iyọ̀, magí, kọ́rì àti táìmù. Lẹ́yìn náà, ẹyin 2, mílíìkì olómi agolo kékeré 1, àti wàrà díẹ̀. Ṣíìsì wọ́n, àbí? Wàrà àwọn Fúlàní dára. Kì í yọ́ bíi ṣíìsì, ńṣe ló máa ń pọ́n, tó sì máa ń gan lórí oúnjẹ.

Ẹ din àlùbọ́sà, kí ẹ da ẹran sí i, kí ẹ máa fi ṣíbí tú u ká. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o. Tí ẹran bá wà ní odindi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí sábà máa ń wà. Tí a bá ti lọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ti kó wọn wọ inú. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ó ku pupa kankan. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru, 71°C ló gbọ́dọ̀ dé.

Ẹ wá da ata àti tòmátò tí ẹ ti lọ̀ sí i, pẹ̀lú èròjà yòókù. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 15, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gbẹ tán, torí makaróní á fa omi. Ẹ bọ makaróní lọ́tọ̀, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 2 sí iye tí wọ́n kọ sára páálí. Inú oven ni yóò ti parí.

Ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú páànù tí ẹ ti fi òróró pa. Ẹ po ẹyin mọ́ mílíìkì, kí ẹ dà á lé e lórí, kí ẹ sì rún wàrà sí i. Oven 180°C, ìṣẹ́jú 25 sí 30. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó gé e.

Kò sí oven? Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá tó nípọn, kí ẹ dé e, kí ó gbóná fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ gbé páànù lé iyanrìn lórí, kí ẹ dé ìkòkò padà, kí iná rọlẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 40 bá pé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má lo ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ o. Kò fẹ́ iná gbígbẹ.

Èyí tó bá ṣẹ́kù ńkọ́? Ẹ pín in sínú abọ́ kéékèèké, kó wọ fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé. Tí ooru bá ti kọjá 32°C, wákàtí 1 péré. Tí iná bá lọ, ẹ má ṣí fíríìjì. Ó lè pa òtútù mọ́ fún bíi wákàtí 4. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù. Òórùn rẹ̀ lè dára kí májèlé wà níbẹ̀, gbígbé e kaná kì í sì í pa gbogbo májèlé. Ládùúgbò tí iná kì í dúró, ẹ kúkú se ìdajì gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ahun. Ìmọ́tótó ikùn ni.

Ẹ sọ fún wa bó ṣe rí lẹ́nu.